Ìwúkàrà Méjì Nínú Kẹ́ẹ̀gì Kan

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi ìpàdé àwa tí a ń pọn bíà nílé, ní Ìbàdàn. Mo ti tún un kọ fún kíkà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń pọn ọtí, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìwúkàrà, èyí tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní yíìsì. Inú mi dùn sí i, torí ọdún mẹ́jọ ni mo fi ṣàṣìṣe lórí rẹ̀ kí n tó mọ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ìyá tó bí ìyá mi, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ń pọn tà. Ó máa ń rẹ àgbàdo sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, yóò tẹ́ ẹ sórí ewé, yóò fi ewé mìíràn bò ó títí yóò fi hù. Tó bá hù tán, a ó sá a sóòrùn, a ó gbé e lọ sẹ́rọ, ó di gbígbé kaná. Láti àárọ̀ ni iná ti máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú, iná náà ò ní kú. Tí omi àgbàdo yẹn bá tutù, inú ìkòkò dúdú kan báyìí ló máa ń dà á sí. A kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ kan ìkòkò náà, omi lásán la fi ń ṣàn án. Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí a kì í fi kànìnkànìn fọ ọ́ bíi ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní, "Inú ìkòkò yẹn ni ọtí ń gbé. Omi àgbàdo lásán ni mo máa ń gbé wá bá a."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni màmá sọ. Inú ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tó wà lára amọ̀ ni ìwúkàrà ń gbé, oríṣiríṣi ẹ̀yà, àti àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú omi ọkà kan. Wọ́n á gbẹ síbẹ̀, wọ́n á sùn síbẹ̀, tí omi dídùn bá ti kàn wọ́n, wọ́n á jí. Kò sẹ́ni tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ fún màmá, àjọgbé ni gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni akèrègbè adẹ́mu ṣe rí. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir lára wọn, ti ń yẹ ẹmu ọ̀pẹ wò. Ìwúkàrà Saccharomyces wà nínú ẹmu, kòkòrò Zymomonas tí òun náà ń sọ ṣúgà di ọtí wà níbẹ̀, àwọn tó ń mú un kan sì ń dúró de àsìkò tiwọn. Ìdí nìyẹn tí ẹmu àárọ̀ fi ń dùn, tí ti ọ̀sán ń ta lẹ́nu, tí ti ọjọ́ kejì sì ń kan bí ọsàn wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, dída ìwúkàrà pọ̀ kì í ṣe àṣà tuntun fún wa. Ohun tó jẹ́ tuntun ni pé àwa lónìí lè ra ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan nínú sáṣẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, ká fọwọ́ ara wa yan èyí tí a ó dà pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èrò ọ̀pọ̀ wa ni pé tí ẹ̀yà kan bá ń mú òórùn èso wá, tí ẹ̀yà kejì ń jẹ ṣúgà tán dáadáa, tí a bá da méjèèjì pọ̀, ìdajì èyí àti ìdajì tọ̀hún la máa rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀dà la máa ń pò pọ̀ kí pupa àti funfun tó di àárín. Ìwúkàrà, nǹkan ẹlẹ́mìí ni: ó ń jẹun, ó ń bímọ, ó ń lé ẹlòmíràn kúrò nídìí àwo. Ohun tí ẹ máa tọ́ wò nínú ìgò wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́kọ́ dé ìdí oúnjẹ, àti ohun tó ṣẹ́ kù fún ẹni tó dé lẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo oúnjẹ náà. Omi ọkà báálì tí a ti sè, ṣúgà inú rẹ̀ ju oríṣi kan lọ. Glucose wà níbẹ̀, kò pọ̀, òun ni ìwúkàrà sì ń kọ́kọ́ jẹ torí òun ló rọrùn jù. Maltose ló pọ̀ jù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo rẹ̀. Maltotriose tẹ̀ lé e, òun le díẹ̀, torí ẹyọ glucose mẹ́ta ló so kọ́ra. Lẹ́yìn wọn ni dextrin, ẹ̀wọ̀n gígùn tí ọ̀pọ̀ ìwúkàrà bíà kò lè já. Òun ló máa ń ṣẹ́ kù tí bíà fi ń ki lẹ́nu.

Ẹ wá wo ẹ̀yà méjì tí ilé-iṣẹ́ Lallemand ń ṣe, Windsor àti Nottingham. Windsor ní òórùn èso tó dára, ṣùgbọ́n kò lè jẹ maltotriose. Tí ẹ bá lo òun nìkan, bíà yín á dùn, á wúwo. Nottingham ń jẹ maltotriose láìsí ìjà, ó sì ń tètè sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, àmọ́ òórùn rẹ̀ kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pọn bíà nílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ló ń lo àwọn méjèèjì pọ̀, Windsor fún òórùn, Nottingham láti jẹ àjẹkù.

Ìgbà wo ni kí kálukú wọlé? Ìbéèrè yìí ni mo ń fẹ́ kí ẹ gbé lọ sílé. Òórùn bíà, ìgbà tí ìwúkàrà ń bí sí i ló ń wáyé jù, ìyẹn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ palẹ̀mọ́ ló bá. Tí ẹ bá da Windsor àti Nottingham sínú kẹ́ẹ̀gì ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n á jọ jìjà du glucose àti maltose, òórùn Windsor á sì fẹ́lẹ́. Tí ẹ bá fi Windsor ṣíwájú, tí ẹ dúró bí ọjọ́ méjì kí Nottingham tó wọlé, Windsor á ti sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nottingham á wá bá maltotriose nílẹ̀, á jẹ ẹ́. Ìwúkàrà kan náà, omi ọkà kan náà, bíà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Kókó kan wà níbẹ̀ tó máa ń gún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi ẹni kejì sínú kẹ́ẹ̀gì ní gbígbẹ. Nígbà yẹn, agbára ọtí ti wà nínú omi náà, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti tán, oúnjẹ tó rọrùn ti lọ. Ìwúkàrà tó bá jí láti ojú oorun sínú irú ibẹ̀ lè má ṣe ohunkóhun. Ẹ kọ́kọ́ bu omi ọkà tútù díẹ̀ sínú ìgò mímọ́, ẹ fi ìwúkàrà náà sí i, ẹ jẹ́ kó hó fún ọjọ́ kan. Ìgbà tó bá ń hó lọ́wọ́ ni kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì.

Àwa tí a ń lo ọkà bàbà, ẹ tún gbọ́ tiwa. Ní 1988 ni Nàìjíríà fòfin de kíkó ọkà báálì tó ti hù wọlé láti òkè òkun, tí àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ńláńlá fi yí sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọkà bàbà tó hù kò ní èròjà tó ń gé sítáàṣì sí maltose tó ti báálì. Nítorí náà, glucose sábà máa ń pọ̀ nínú omi rẹ̀ ju ti báálì lọ. Ìwúkàrà tó bá sì rí glucose tó pọ̀, kì í bìkítà fún maltose títí èyí yóò fi tán, àwọn ẹ̀yà kan sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó padà sídìí rẹ̀. Ìlànà tí ẹnì kan fi báálì ṣe ní London tó gbé e yọ, ẹ lè ṣe é pẹ̀lú ọkà bàbà yín kó má jọra. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ wo oúnjẹ tí ẹ gbé síwájú wọn.

Ẹnì kan lè bi mí pé, tí ọ̀rọ̀ bá gba ọgbọ́n tó báyìí, ṣé kò sàn ká máa lo ẹ̀yà kan ṣoṣo bíi ti ilé-iṣẹ́ ńlá? Ìtàn bí wọ́n ṣe débẹ̀ dára láti mọ̀. Ní 1876, Louis Pasteur tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí bíà jáde ní ilẹ̀ Faransé, ó sì fi hàn pé kòkòrò àìfojúrí ló máa ń ba bíà jẹ́. Àwọn apọntí gbọ́, wọ́n tún ìmọ́tótó wọn ṣe. Síbẹ̀, ní Copenhagen, bíà Carlsberg ṣì ń bàjẹ́, ó ń korò, òórùn rẹ̀ ò dára. Emil Christian Hansen tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí ilé-iṣẹ́ náà ló wá rí i pé kòkòrò mìíràn kọ́ ló ń jẹ̀bi, ìwúkàrà fúnra rẹ̀ ni. Ẹ̀yà inú igbó ti wọ àárín ti ilé. Ó wá ń fi omi là á, ó ń là á, títí ó fi kù sórí ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì bọ́ ẹyọ yẹn títí ó fi di ọ̀pọ̀. Ní 1883 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwúkàrà ẹlẹ́yà kan náà pọn bíà ní Carlsberg. J. C. Jacobsen tó ni ilé-iṣẹ́ náà kò fi pamọ́, wọ́n fún àwọn apọntí mìíràn lára rẹ̀. Mo máa ń kan sáárá sí i fún ìyẹn, torí ẹni tó rí irú àṣírí bẹ́ẹ̀ tí kò tì í mọ́lé, èèyàn gidi ni.

Ohun tí Hansen ṣe tọ̀nà fún ẹni tó fẹ́ kí bíà ọdún yìí jọ ti ọdún tó ń bọ̀ ní ìlú mẹ́wàá. Àmọ́ àwọn apọntí Gẹ̀ẹ́sì kò yára gbà á. Àwọn bíà líle tí wọ́n ń tọ́jú sínú àgbá igi fún oṣù púpọ̀, adùn kan wà nínú wọn tí ẹ̀yà kan ṣoṣo kò lè fún wọn. Niels Hjelte Claussen, láti yàrá ìwádìí Carlsberg yẹn kan náà, ló wá sọ ìdí rẹ̀ ní 1904. Ìwúkàrà kejì kan wà nínú àgbá náà tó máa ń rọra ṣiṣẹ́ nígbà tí àkọ́kọ́ bá ti dákẹ́. Ó sọ ọ́ ní Brettanomyces, ìyẹn fọ́ńgọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fi í sínú bíà lẹ́yìn tí ìwúkàrà àkọ́kọ́ bá ti parí iṣẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe sọ ọ́? Lẹ́yìn. Òun náà ti mọ̀ pé ìgbà ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù kò dúró de onímọ̀ kankan. Àwọn tó ń pọn lambic, oríṣi bíà kíkan kan, ní agbègbè Brussels kì í fi ìwúkàrà sí i rárá. Wọ́n á da omi ọkà gbígbóná sínú ọpọ́n bàbà fífẹ̀ tí kò jìn, wọ́n á ṣí fèrèsé lálẹ́ òtútù, afẹ́fẹ́ òru á gbé ohun tó bá ń gbé wọlé. Láti ibẹ̀ ó di inú àgbá igi. Àwọn kòkòrò kan á kọ́kọ́ ṣe tiwọn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Saccharomyces á gba ipò, á jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà. Àwọn tó ń mú nǹkan kan á tẹ̀ lé e nígbà ooru, Brettanomyces á wá jókòó sídìí ohun tó kù fún ọdún kan tàbí méjì. Bíi ká máa jọba ní ìdílé-ìdílé ni, ilé kan kì í gba ìgbà ilé kejì. Àwọn apọntí yìí kò lè fipá mú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á po àgbá ọlọ́dún kan, ọlọ́dún méjì àti ọlọ́dún mẹ́ta pọ̀, kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò ní gueuze.

Mi ò sọ pé kí ẹ lọ ṣí fèrèsé ní Ìbàdàn. Ooru ilẹ̀ wa á jẹ́ kí àwọn tó ń mú un kan wọlé kí ìwúkàrà tó na ẹsẹ̀, ẹ ó sì rí ọtí kíkan. Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti àwọn mọ́ńkì Orval, ní gúúsù Bẹ́ljíọ̀mù. Ìwúkàrà tiwọn ni wọ́n fi ń pọn ọtí ní àkọ́kọ́. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ́ sígò ni wọ́n máa ń fi Brettanomyces sí i. Orval tó jẹ́ ti oṣù kan àti Orval tó ti pé ọdún kan jìnnà síra wọn bí ọmọ àti àgbà, bẹ́ẹ̀ ìgò kan náà ni.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí. Ní ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀, mo da ìwúkàrà méjì pọ̀. Ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò fún bíà Bẹ́ljíọ̀mù tí wọ́n ń pè ní saison, tó máa ń rùn bíi kànáfùrù àti ata. Èkejì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì tó ń tètè sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá pé, kẹ́ẹ̀gì dákẹ́, ọtí mọ́ lójú, haidrómítà, ohun èlò tí a fi ń mọ bí ṣúgà ṣe kù sí nínú ọtí, ń ka 1.012. Mo ní ó ti tán. Mo rọ ọ́ sínú ìgò 24, mo tò ó sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní nǹkan bí aago méjì òru, a gbọ́ ìró kan bí ìbọn. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, ìgò kejì ti bú. Àfọ́kù ìgò wọ pátákó kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀kan lọ bá ògiri òdìkejì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ibẹ̀ ni ọmọ mi jókòó sí tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Mi ò lè sùn mọ́. Mo ró aṣọ nípọn mọ́ra, mo fi ìdérí ìkòkò bojú, mo ń ṣí ìgò yòókù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Àwọn ẹ̀yà saison kan ní àbùdá tí àwọn onímọ̀ ń pè ní STA1. Ó ń jẹ́ kí wọ́n tu èròjà kan síta tó ń gé dextrin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sí wẹ́wẹ́, títí á fi di ohun jíjẹ. Diastaticus ni orúkọ tí a fi ń pè wọ́n. Wọn kì í kánjú. Ẹ̀yà Gẹ̀ẹ́sì yẹn ti sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti jẹ́ kí kẹ́ẹ̀gì dà bí ẹni pé ó ti parí, ṣùgbọ́n èkejì ṣì ń jẹun. Nínú ìgò tó ti dé pa, 1.012 ń lọ sí 1.004. Ká ṣírò rẹ̀: ṣúgà gíráàmù mẹ́rin nínú lítà kan á mú gáàsì tó tó nǹkan bíi lítà kan jáde. Àlàfo láàárín 1.012 àti 1.004 tó bí ìdì mẹ́rin irú rẹ̀. Gáàsì inú lítà bíà kan nínú ìgò lásán kì í sábà ju lítà méjì àbọ̀ lọ. Ẹ so méjèèjì pọ̀, kò sí ìgò tó máa gbà á.

Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá da ìwúkàrà pọ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ diastaticus, mo máa ń ka haidrómítà lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀sẹ̀ kan láàárín èkíní àti èkejì, ọ̀sẹ̀ kan láàárín èkejì àti ẹ̀kẹta. Tí nọ́ńbà náà bá yí, bó ti wù kó kéré mọ, ìgò ò kàn án. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fojú wò ó kí ẹ ní ó ti tán. Ẹni tó bá ní ọmọ nílé, ọ̀rọ̀ mi kàn án jù.

Ewu kejì kì í bú gbàù, àmọ́ ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní 1963 ni àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn ìwúkàrà kan máa ń tu májèlé síta tó ń pa ìwúkàrà ẹlẹ́yà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà wáìnì ní in, ọ̀pọ̀ ìwúkàrà bíà kò sì ní ohun tí wọ́n lè fi dáàbò bo ara wọn. Nítorí náà, tí ẹ bá ní ìwúkàrà wáìnì nínú fìríìjì, tí ẹ rò pé ẹ lè fi díẹ̀ lé ti bíà lọ́wọ́ láti jẹ́ kó gbẹ, ẹ kọ́kọ́ ka ara sáṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alábàáṣiṣẹ́ tí ẹ rò pé ẹ mú wá lè jẹ́ apànìyàn. Tó bá jẹ́ pé bíà ti parí tí ẹ kàn fẹ́ kó hó nínú ìgò, ìyẹn ò burú, torí kò sí ohun tí a ń dáàbò bò mọ́.

Ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù ni èyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo da ìwúkàrà méjì pọ̀, bíà náà dára gan-an. Mo tọ́jú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀, mo fi pọn òmíràn, kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́. Kí ni mo ṣe?" Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì-ìdajì. Ká ní ẹ̀yà àkọ́kọ́ máa ń di ìlọ́po márùn-ún kí bíà tó tán, èkejì ìlọ́po mẹ́ta. Lẹ́yìn bíà kan, àkọ́kọ́ ti di nǹkan bíi 62 nínú 100. Lẹ́yìn bíà méjì, 73. Lẹ́yìn mẹ́ta, 82. Tó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti kọjá 92. Kò sẹ́ni tó pa èkejì, ọmọ ni wọ́n kò bí dọ́gba. Ẹ tún wá rò ó mọ́ bí ẹ ṣe ń bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà. Ẹni tó bá ń bu èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń yan àwọn tó ń tètè sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń bu ti òkè, ó ń yan àwọn tó pẹ́ lójú omi. Ọwọ́ yín ń ṣa ẹ̀yà, ẹ̀yin fúnra yín ò sì mọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ kí bíà yín jọ ara wọn, ẹ tọ́jú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú ìgò tirẹ̀ nínú fìríìjì, ẹ máa dà wọ́n pọ̀ ní tuntun nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ pọn ọtí. Ó ń náni lówó, ó sì ń gba àyè. Kò sí ọ̀nà àbùjá.

Àmọ́ ọ̀nà kejì wà, òun ló mú mi rántí ìkòkò màmá. Ní ìwọ̀-oòrùn Nọ́rwèy, ní Voss àti àwọn abúlé mìíràn, ìwúkàrà ìdílé ni wọ́n fi ń pọn ọtí àjọ̀dún. Kveik ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á ki òrùka igi tàbí igi tí wọ́n gbẹ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n á gbé e kọ́ kó gbẹ, ó di ìgbà tí wọ́n bá tún fẹ́ pọn ọtí. Tí ti ẹnì kan bá bàjẹ́, yóò lọ tọrọ lọ́dọ̀ aládùúgbò. Orúkọ yẹn gan-an, inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé a dáná ló ti wá. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo rántí bí wọ́n ṣe máa ń rán wa lọ fọnná nílé kejì nígbà tí a wà ní kékeré. Àwọn onímọ̀ tó yẹ kveik wò, tí ìwádìí wọn jáde ní 2018, rí i pé ẹbí ọ̀tọ̀ ni láàárín ìwúkàrà bíà, a sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ kveik ìdílé ló ní ju ẹ̀yà kan lọ nínú. Kí ló dé tí àwọn yẹn kò fi lé ara wọn dànù láti ọdún yìí wá? Torí pé àṣà ilé kò yí. Ooru kan náà, omi ọkà kan náà, ìgbà kan náà tí wọ́n ń bu ìwúkàrà, ọ̀nà kan náà tí wọ́n fi ń sá a. Èyí tí kò bá lè bá ilé náà gbé ti lọ tipẹ́, àwọn tó kù ti mọ ibi tí kálukú ń jókòó sí.

Nílé tiwa níhìn-ín, ẹ lọ sí àríwá orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fi ọkà bàbà pọn tchoukoutou. Kpètè-kpètè ni wọ́n fi ń sọ ọ́ di ọtí, ara ọtí tó ṣáájú ni wọ́n sì ti ń mú un. Àwọn onímọ̀ ti tú u wò: ìwúkàrà ju ẹyọ kan lọ, àti àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan kan, tí wọ́n jọ wà. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ìyá yẹn ni pé wọ́n ń ṣe é bákan náà ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí mo ń ṣe nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú. Ilé mi kì í tutù ju 28°C lọ, iná mànàmáná kò sì ṣeé gbára lé fún fìríìjì. Ọ̀pọ̀ ìwúkàrà bíà fẹ́ 18 sí 20, tó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ wọ́n á mú òórùn bíi ti ọ̀dà wá. Kveik kò bẹ̀rù ooru: àwọn ará Voss ń fi í sínú omi ọkà tó gbóná tó 39°C. Fún kẹ́ẹ̀gì 20 lítà, kveik ni mo fi ń ṣíwájú. Ó máa ń hó yaya láàárín wákàtí díẹ̀, òórùn ọsàn á gba ilé kan. Ní ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí ìhó bá ti rọ̀, mo máa ń da Brettanomyces tí mo ti jí sílẹ̀ sí i, mo á dé e, mo á gbàgbé rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Haidrómítà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó wọ ìgò, ìgò tó nípọn nìkan. Kẹ́ẹ̀gì tí Brettanomyces bá ti wọ̀, mi ò tún lò ó fún bíà mìíràn mọ́, torí kì í ṣí kúrò nínú rọ́bà.

Ìgò méjì ló wà lórí tábìlì lẹ́yìn yín yẹn. Ọjọ́ kan náà ni mo sè wọ́n, nínú ìkòkò kan, ọkà kan, hops (òdòdó tó ń mú bíà korò) kan. Ìwúkàrà méjì náà ló wà nínú méjèèjì, ìwọ̀n kan náà. Nínú èyí tó ní ìdérí pupa, àwọn méjèèjì jọ wọlé pọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nínú èyí tó ní ìdérí dúdú, ọjọ́ mẹ́fà ni ẹnì kejì fi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ bu pupa tọ́ wò. Ẹ fi omi ṣan ẹnu, kí ẹ tó bu dúdú. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ahọ́n kálukú bá sọ, kí n tó sọ ohun tí tèmi sọ.